Ìjókòó Ìrọ̀lẹ́ Tó Mú Ilé Wa Dúró

Mo rántí ìgbà tí a kọ́kọ́ dé Lọ́kọ́ja, tí òórùn ẹja gbígbẹ àti ẹrẹ̀ odò gbà mí nímú débi pé mo rò pé n kò ní lè jẹun ní ìlú náà láéláé. Ọmọ orí òkè ni wá. Abúlé wa ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀ wà láàárín àpáta, níbi tí omi tútù ti ń sun láti inú òkúta, tó sì jẹ́ pé a kì í rí ẹja jẹ àfi bí àlejò bá gbé e wá. Ńṣe la kàn rí ara wa létí Odò Ọya, láàárín àwọn tí ń sọ Tápà, Ígálà, Ẹ̀bìrà àti Haúsá, tí ọkọ̀ elééfín àwọn òyìnbó sì ń fọn fèrè bí ẹranko tí wọ́n ń pa lọ́wọ́. Mo ti ń di ọmọge nígbà náà, ẹnu mi sì mú ju abẹ lọ. Mo sọ fún ìyá mi pé bí ìlú yìí bá ṣe máa rùn nìyí, ó sàn kí a padà lọ bá àwọn ẹlẹ́ṣin. Ìyá mi wò mí lásán, ó sì kọjú sí odò.

N kò mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn ẹlẹ́ṣin tí mo fi ń ṣe àwàdà yẹn ni wọ́n lé wa kúrò nílé. Láyé ìgbà náà, kí ìjọba òyìnbó tó fìdí múlẹ̀ nílẹ̀ wa, àwọn jagunjagun Tápà a máa gun ẹṣin wá láti òkè odò láti kó ènìyàn lẹ́rú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí ìkùukùu ṣe ń ká kúrò lórí àpáta, a gbọ́ igbe láti ìsàlẹ̀ abúlé. Bàbá mi kó wa sá wọ inú ihò àpáta kan lẹ́yìn ilé: ìyá àgbà tó bí i, ìyá mi, èmi, àti àbúrò mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò sí lọ́dọ̀ wa. Ìyá mi ti rán an lọ sí oko ní ìdájí pé kó lọ wa iṣu wá.

Ihò náà kéré. A gbọ́ pátákò ẹṣin lórí òkúta nísàlẹ̀ wa gan-an, a sì gbọ́ bí ẹṣin ṣe ń fọn imú. Bí àbúrò mi bá sunkún, ó ti parí fún gbogbo wa. Ìyá àgbà ló gbà á lẹ́yìn ìyá mi, ó tẹ́ ẹ sí àyà ara rẹ̀, ó wá ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí wa létí pé, “Ẹ gbé ọwọ́ lé àyà yín. Ẹ tẹ́tí sí èémí yín bó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde. Ẹ má lé e, ẹ má dá a dúró. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ ní báyìí nìyẹn.” Mo ṣe bó ti wí. Mo rí i tí àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí omi tí afẹ́fẹ́ kò dà láàmú, mo sì rí i tí àyà ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé tirẹ̀, títí ọmọ fi sùn. Àwọn ẹlẹ́ṣin kọjá lọ. Nígbà tí a jáde, òrùlé wa ti di eérú. Ní oko, a bá agbọ̀n ẹ̀gbọ́n mi tí iṣu inú rẹ̀ ti fọ́n káàkiri, a kò bá òun.

Bí a ṣe sọ̀kalẹ̀ wá sí Lọ́kọ́ja nìyẹn. A rí ilẹ̀ díẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè, nítòsí ibi tí àwọn èèyàn wa mìíràn tí ogun lé wá ti tẹ̀dó. Bàbá mi fi amọ̀ mọ ilé, ó fi koríko bò ó. Ó ń dáko lẹ́yìnkùlé, bí ọkọ̀ bá sì gúnlẹ̀, á lọ ru ẹrù ní èbúté. Kò sí ẹlẹ́ṣin tó lè wọ ibẹ̀ wá kó wa, nítorí àwọn òyìnbó wà níbẹ̀ tàwọn ti ìbọn wọn. Bí a bá pàdé ará ilé wa lọ́nà odò, “Òkun o” ni wọ́n máa fi kí wa bí a ṣe ń kíra nílé, wọ́n á sì ní a kú oríire pé a ti bọ́. Àwa náà gbà pé a ti bọ́.

Àṣé ẹ̀rù náà ti di ẹrù tirẹ̀, ó ti tẹ̀ lé wa wá. Bí ọkọ̀ elééfín bá ti fọn fèrè, bàbá mi á fò dìde, á fa àdá yọ, ojú rẹ̀ á pọ́n bí iná, kò sì ní mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Bí ojú rẹ̀ bá wálẹ̀, ìtìjú á mú un. Ìtìjú náà á sì di ìbínú, á wá máa wá ẹni tí yóò bá jà. Ìyá mi ní tirẹ̀ lè máa gúnyán, kó gbé ọmọ odó sókè, kó gbàgbé láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, títí iṣu yóò fi tutù nínú odó. Àbúrò mi a máa lọgun lójú oorun. Èmi ń fi ẹnu gún gbogbo ènìyàn. Mo rò pé ọgbọ́n ni, mo sì ń yangàn pé èmi nìkan ni ọkàn rẹ̀ le nínú ilé náà. Ìyá àgbà ló máa ń wò mí nígbà náà bí ẹni ń wo adìyẹ tó ń kọ bí àkùkọ.

Ohun tó burú jù ni ẹjọ́ tí kò tán láàárín bàbá àti ìyá mi. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ iyọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀, orí ẹ̀gbọ́n mi ni yóò parí sí. “Ìwọ lo rán an lọ sóko,” bàbá mi á wí. Ìyá mi á ní, “Ẹ̀yin ni wọ́n wá kìlọ̀ fún pé àwọn ọdẹ rí eruku ẹṣin. Ẹ̀yin lẹ ní irọ́ ni.” Wọ́n ń sọ ọ́ lówùúrọ̀, wọ́n ń sọ ọ́ lálẹ́. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ilé wa kún fún èèpo ẹyin nígbà náà débi pé kò síbi tí èèyàn lè tẹ ẹsẹ̀ sí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹjọ́ náà tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọbẹ̀ wà lórí iná. Ohùn bàbá mi ń lọ sókè, ohùn ìyá mi ń tẹ̀ lé e. Mo dá sí i, mo sọ ọ̀rọ̀ kan tó korò sí àwọn méjèèjì. Bàbá mi gbé ẹsẹ̀, ó ta ìkòkò ọbẹ̀ kúrò lórí àdògán. Ìkòkò fọ́, ọbẹ̀ gbígbóná sì tàn dé ẹsẹ̀ àbúrò mi tó ń ṣeré nítòsí. Igbe tí ọmọ náà ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Bàbá mi dúró, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. Ìyá mi gbé ọmọ mọ́ra, ó ní bí ilẹ̀ bá ti mọ́ òun ń bá àwọn ará òun lọ, òun kò ní dúró kí wọ́n pa èyí tó kù lọ́wọ́ òun.

Ìyá àgbà kò pariwo. Ó fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó fi oyin pa á lára, ó sì fi aṣọ mímọ́ wé e. Lẹ́yìn náà ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó jókòó sórí ilẹ̀ ní àgbàlá. Ó sọ fún ìyá mi pé, “Bí o bá fẹ́ lọ, n kò ní dá ọ dúró. Jókòó tì mí ná kí o tó lọ.” Ìyá mi jókòó. Mo jókòó. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí wa.

Ìyá àgbà wá sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́, “Nínú ihò àpáta, gbogbo yín dákẹ́ nítorí ọ̀tá. Ẹ wá sọ fún mi. Ṣé ọ̀tá ló yẹ kó jẹ àǹfààní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yín ju ọmọ yín lọ?”

Ó ní kí a gbé ọwọ́ lé àyà bí a ti ṣe lọ́jọ́ yẹn, kí a tẹ́tí sí èémí wa. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí àwọn adìyẹ fi wọlé tán. Ìyá mi kò lọ nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ó ní òun á dúró kí ẹsẹ̀ ọmọ jinná. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìrọ̀lẹ́ dé, ìyá àgbà tún jókòó síbẹ̀, ó tún pè wá. Bẹ́ẹ̀ ló di ìṣe ilé wa. Lójoojúmọ́, kí a tó bu oúnjẹ, a ó jókòó.

Kì í ṣe àdúrà, kì í sì í ṣe ètùtù. Ìjókòó lásán ni. Èèyàn á tẹ́tí sí èémí rẹ̀ títí ara yóò fi rọ̀. Lẹ́yìn náà á tẹ́tí sí gbogbo ohun tó wà láyìíká, ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo, odó aládùúgbò, àwọn atukọ̀ tí ń pe ara wọn lórí omi, láìsọ pé èyí dára, èyí kò dára. Nígbà tó bá yá, ìyá àgbà á bi wá níkọ̀ọ̀kan pé, “Kí ló wà nínú rẹ lónìí?” Ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì la ó fi dáhùn. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sọ, ẹnì kankan kò gbọ́dọ̀ jà á níyàn, kò gbọ́dọ̀ tù ú nínú, kò gbọ́dọ̀ gbà á nímọ̀ràn. “A gbọ́” nìkan ni èsì.

Mo rò pé kò sí ohun tó rọrùn tó o. Ìgbà àkọ́kọ́ tó kàn mí, mo ní, “Ebi ni.” Mo retí pé kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà mi orí, ó ní, “A gbọ́,” bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ńlá ni mo sọ. Mo wá ń fọ́nnu fún àwọn ọmọge ẹgbẹ́ mi lódò pé kò sí ẹni tó lè jókòó jẹ́ẹ́ tó mi, títí di ìrọ̀lẹ́ tí mo la ojú tí mo rí i pé orí mi wà lórí itan ìyá àgbà, tí itọ́ ẹnu mi sì ti rin ìró rẹ̀. Bí mo bá sì wà lójúfò, ọkàn mi á máa fò kiri bí ẹyẹ ẹ̀ga. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ mi bí mo ṣe lè lé ìrònú lọ. Ó ní, “Ta ló ní kí o lé e? Bó bá dé, kí i bí o ṣe ń kí ẹni tó ń kọjá lọ́nà. Ìwọ ṣáà má tẹ̀ lé e délé.”

Bàbá mi kò jókòó fún ìgbà pípẹ́. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa gbẹ́ igi èrúkọ́, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyá àgbà kò pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ ọmọ tó bí. Ó máa ń ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi gbé èrúkọ́ sílẹ̀, ó wá jókòó ní ìpẹ̀kun ògiri. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ máa là, ìyá àgbà kò tilẹ̀ tíì bi í. Ó ní, “Ìtìjú ni.” Ó tún ní, “Wọ́n kìlọ̀ fún mi lóòótọ́. Iṣu ń ta, n kò fẹ́ fi oko sílẹ̀. Mo gbọ́ ìkìlọ̀, mo ní irọ́ ni.”

Mo wo ìyá mi. Gbogbo ohun tó ti ń fi pe bàbá mi lẹ́jọ́ láti ọjọ́ yìí ló gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ yẹn. Bó bá fẹ́, ó lè fi í gún un pa. Ó mí sínú, ó mí síta. “A gbọ́,” ó ní. Ó wá fi kún un pé, “Èmi ni mo rán an lọ. Ó ní oorun ń kun òun, mo jí i dìde tipátipá.” Bàbá mi bojú, ó sunkún, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí ẹkún rẹ̀ nìyẹn. Ó ní, “A gbọ́.” Láti ọjọ́ náà, n kò tún gbọ́ ẹjọ́ yẹn láàárín àwọn méjèèjì mọ́. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

N kò sọ pé ìbínú tán nílé wa. Bàbá mi ṣì ń fò dìde bí fèrè bá dún, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ ọ́n bó ṣe ń bọ̀. Á gbé ọwọ́ lé àyà, á ní, “Ó tún ti dé o,” a ó sì dúró dè é títí yóò fi lọ. Àbúrò mi, tí àpá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ló kọ́kọ́ ń bá a fi ọwọ́ lé àyà. Ẹnu tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀, ìyẹn sì ya àwọn ẹgbẹ́ mi lẹ́nu débi pé wọ́n bi mí bóyá ara mi kò yá.

Àwọn aládùúgbò kò mọ ohun tí wọ́n lè pè é. Àwọn kan ní a ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mìíràn ní a ti ń kéwú. Obìnrin Tápà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, opó ni, ẹja ló ń yan tà, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa nítorí òwò. Òun ló yọjú lókè ògiri lọ́jọ́ kan tó bi ìyá àgbà pé, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ń kírun ni? Ẹ ò mà foríkanlẹ̀.” Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní, “A ń gbọ́ ara wa ni. Wá jókòó bó bá wù ọ́.” Ojú ìyá mi yí padà. Kò lè fara da kó gbọ́ èdè Tápà, kò sì ra ẹja lọ́wọ́ obìnrin yìí rí. Obìnrin náà wọlé wá, ó jókòó. Nígbà tí wọ́n bi ìyá mi ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó wò ó lójú, ó ní, “Ìkórìíra ni.”

Mo rò pé ìjà máa dé. Obìnrin Tápà náà tẹ orí ba. Ó ní, “A gbọ́.” Nígbà tó kàn án, ó ní, “Ogun tó kó ọmọ yín ló mú ọkọ mi lọ. Wọ́n fi ipá gbé e sórí ẹṣin, kò wá ilé mọ́. N kò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí.” Ìyá mi ní, “A gbọ́.” Ní ọjọ́ kejì ó rán mi lọ ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín oṣù mélòó kan, ṣe ni àwọn méjèèjì jọ ń yan ẹja náà, tí èmi tí mo ní n kò ní jẹun ní Lọ́kọ́ja ń ṣa orí ẹja jẹ lábẹ́ ààrò.

Ọdún ń gorí ọdún. Ìyá àgbà ń darúgbó, àbúrò mi ti ń pọnmi, wọ́n sì ti ń wá mi fún ìyàwó. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn kan, bàbá mi wà ní èbúté níbi tó ti ń ru àpò òrí, nígbà tí ọkọ̀ ńlá kan láti òkè odò gúnlẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ rẹ̀, géńdé ọkùnrin tó wọ fìlà Tápà, dúró tó ń wò ó. Ó pè é ní èdè Ọ̀wọ́rọ̀, bí ọmọ ṣe ń pe baba. Bàbá mi ju àpò sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọ̀gá tó ń sìn ti kú, wọ́n sì fi í sínú ọkọ̀ láti máa tukọ̀ fún àwọn oníṣòwò. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn atukọ̀ pé àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀ wà ní Lọ́kọ́ja. Bó ṣe fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kò padà sínú ọkọ̀ náà mọ́.

Bí a ṣe yọ̀ lọ́jọ́ náà, n kò lè sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n ayọ̀ kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ọmọ tí a mọ̀ kọ́ ló dé bá wa. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní orúkọ mìíràn, ó ń kírun, inú èdè Tápà ló ti ń lá àlá. Obìnrin ẹlẹ́ja ni ó máa ń bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Kì í jẹun lọ́dọ̀ wa, á gbé àwo rẹ̀ lọ sídìí igi. Bí a bá jókòó nírọ̀lẹ́, á jáde. Bàbá mi ń tẹ̀ lé e kiri bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, ó ń ra èyí fún un, ó ń ṣe ìyẹn fún un. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí i, ó sọ ohun tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé.

“Bàbá, ṣé ẹ wá mi?”

Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ohùn sókè. “Mo ń retí yín. Lójoojúmọ́ ni mò ń wo ọ̀nà. Mo ní bàbá mi ń bọ̀. Ṣé ẹ wá mi?”

Mo rí ìbínú tó gòkè dé ọrùn bàbá mi. Mo mọ̀ ọ́n, ó mọ ilé wa tẹ́lẹ̀. Ohun tí ì bá ti sọ láyé àtijọ́ ni pé, “Ta ni ìwọ ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?” Ìkòkò ì bá ti fọ́, ọmọ ì bá sì ti lọ. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé àyà. Ó rọra jókòó sórí ilẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀. Ó mí. Ó ní, “N kò wá ọ. Ẹ̀rù bà mí. Àwọn tó kù lọ́wọ́ mi ni mo kó sá. Kò sí ọjọ́ tí n kò rò ó.” Kò wá àwíjàre kankan.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. Ó jọ pé ìjà ló ti múra sílẹ̀ fún, kò mọ ohun tó lè fi òtítọ́ ṣe. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde, ó forí lé èbúté. A mọ̀ pé ọkọ̀ òkè odò ń gbéra kí oòrùn tó wọ̀. Ìyá mi fẹ́ sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú igbe. Ìyá àgbà, tí kò lè dìde dáadáa mọ́, di ìró rẹ̀ mú. Èmi ló wò. “Ìwọ lọ,” ó ní. “Má mú ẹnu rẹ lọ.”

Mo bá a lórí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí iyanrìn. Mo jókòó tì í. Ẹ bá mi rò ó, èmi tí mo lè sọ̀rọ̀ títí àgbàdo fi máa hù. Oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ló wà lẹ́nu mi, mo ń kí wọn, wọ́n ń kọjá. Mò ń gbọ́ èémí mi, nígbà tó pẹ́, mo ń gbọ́ tirẹ̀ náà. Àwọn atukọ̀ ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, wọ́n ń pè é, kò dá wọn lóhùn. Mo wá bi í jẹ́ẹ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló wà nínú yín?”

Ó fi èdè Tápà dáhùn. Ó mi orí, ó wá a ní èdè wa bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú koríko. “Ó rẹ̀ mí,” ó ní.

Mo ní, “A gbọ́.”

Ó yíjú sí mi. “Àwọn wo ni ‘a’? Ìwọ nìkan kọ́ nìyí?”

Mo wẹ̀yìn kí n tó dá a lóhùn, mo sì rí i. Bàbá mi jókòó lórí iyanrìn lókèèrè, ó fọwọ́ lé àyà. Ìyá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àbúrò mi, obìnrin ẹlẹ́ja sì wà lẹ́yìn wọn. Wọn kò sún mọ́ wa, wọn kò sì pè é. Ẹ̀gbọ́n mi wò wọ́n títí. Ọkọ̀ kúrò ní èbúté. Ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò láṣọ, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká máa lọ, ebi ń pa mí.”

Kò tán lọ́jọ́ yẹn. Ó kọ́kọ́ ń jókòó pẹ̀lú wa tó kẹ̀yìn sí wa, ó pẹ́ kó tó yíjú. Ó ń kírun rẹ̀ lọ, bàbá mi á sì bu omi àlùwàlá sílẹ̀ fún un. Ó fẹ́ ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, ó kọ́ ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Nígbà tí ìyá àgbà ń lọ, ní ojú ọ̀sán gangan, a yí i ká, a ń bá a mí títí kò fi mí mọ́. Bàbá mi ló ní, “A gbọ́.”

Èmi ni àgbà ilé báyìí. Lọ́kọ́ja ti fẹ̀, òrùlé páànù ti pọ̀ ju ti koríko lọ, àwọn ẹlẹ́ṣin sì ti di ìtàn tí àwọn ọmọ ọmọ mi kò fi bẹ́ẹ̀ gbà gbọ́. Àwọn èèyàn máa ń bi mí bí ilé wa ṣe wà láìtú ká, lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú wa rí. Wọ́n rò pé oògùn kan wà. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìbànújẹ́ ń wọ ilé wa bó ṣe ń wọ ilé gbogbo èèyàn, ìbínú náà sì mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa. Ohun tí a fi yàtọ̀ kò ju pé bí wọ́n bá dé, a kì í sá fún wọn, a kì í sì í gbé wọn lé ara wa lórí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gbólóhùn asọ̀ ní àgbàlá. Mo wà nínú yàrá, mo gbọ́ bí ohùn ṣe ń gòkè. Mo ti di ọ̀pá mi mú kí n dìde lọ là wọ́n. Kí n tó dúró tán, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Mo yọjú lójú fèrèsé. Wọ́n ti fẹ̀yìn ti ògiri, àwọn méjèèjì, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀, ojú wọn ṣì le sí ara wọn, ọwọ́ wọn sì wà láyà. Mo gbé ọ̀pá mi sílẹ̀, mo padà sórí ẹní. Wọn kò nílò mi.